Ta Ló Ń Kanlẹ̀kùn Lọ́sàn-án?

"Ta lo tún fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn fún?"

Abir ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá rẹ̀ tó parí ọ̀rọ̀. Ó fa irin ilẹ̀kùn, ó yọrí síta. Kò sí ẹnì kankan lórí àtẹ̀gùn àfi ológbò aládùúgbò tó nà gbalaja sínú oòrùn. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó sì padà sídìí tábìlì níbi tí ẹ̀wà àti búrẹ́dì rẹ̀ ti ń tutù.

"Ẹnì kan kanlẹ̀kùn, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Èmi tí etí mi pé méjì ńkọ́? Kí ló dé tí n ò gbọ́?"

Bí Nagwa ṣe sọ ọ́ tán ni ó kábàámọ̀. Ó na ọwọ́ kọjá àwo, ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀. "Má bínú, ọmọ mi. Ẹnu mi ló yára jù mí lọ."

Abir kò bínú. Ọjọ́ kẹta rèé tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ìgbà kan náà sì ni lójoojúmọ́: bí ládàánì bá ti pe ìrun àílà tán báyìí, ni ẹnì kan á kanlẹ̀kùn, kò! kò! kò!, bí ẹni tó mọ̀ pé etí ẹni tó wà nínú ilé wúwo.

Etí Abir wúwo lóòótọ́. Ibà kan tó gbóná janjan ló ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ibà náà lọ, ó gbé púpọ̀ nínú ìgbọ́ràn rẹ̀ dání. Láti ọjọ́ náà, ètè ènìyàn ló ń wò kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kì í kọ ètè sí akẹ́kọ̀ọ́. Ojú pátákó ni wọ́n ń kọjú sí, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ìdánwò àṣejáde sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ wà ní Kuwait, ó ń wakọ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé, ohun tó ń fi ránṣẹ́ kò sì ju ti oúnjẹ àti ilé lọ. Ni Nagwa bá tú ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kan tà láìsọ fún ọkọ, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Attarine, níbi tí àwọn ará Alẹkisáńdíríà ti ń ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò.

Bàbá Wadie ni wọ́n lọ bá níbẹ̀. Ó ń tún aago ṣe, aago sì kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí méjì tí àkókò wọn bára mu. Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan jáde láti inú páálí. Kò tóbi ju ẹ̀pà mẹ́ta lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí awọ ara ènìyàn. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó ń wọnú etí, wọ́n fi bátìrì tuntun sí i, baba náà sì fi í há Abir létí.

Ohun tí Abir kọ́kọ́ gbọ́ ni gbogbo aago inú ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n ń fọhùn bí ìgbà tí òjò bá ń kán sórí páànù. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yíjú. Ìyá rẹ̀ ni, ó ń sunkún. Láti ọdún mẹ́jọ, ó ti rí i tí ìyá rẹ̀ ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé pé ẹkún náà ní ohùn.

Nítorí èyí ni kò fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkanlẹ̀kùn náà ní àsọtúnsọ.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin, tí wọn kò tètè jáde nílé ẹ̀kọ́, inú kíláàsì ni ó bá a. Ìyáàfin Sohair, olùkọ́ kẹ́mísírì, ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí mọ́sáláṣí òdìkejì pe ìrun tán. Kò! kò! kò! Lẹ́yìn ìkanlẹ̀kùn náà, Abir gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbọ́ mímí ẹni tí àyà rẹ̀ kò lókun, ó wá gbọ́ ohùn arúgbó obìnrin ketekete: "Mò ń bọ̀."

"Ta ló ń bọ̀?" ni Abir kígbe.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Sohair yípadà, ẹfun ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìdánwò ló ń bọ̀, Abir! Bó o bá fẹ́, jáde lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà."

Ní ọjọ́ náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ní bí òun bá yọ ẹ̀rọ náà, òun kì í gbọ́ ọ. Bí òun bá fi í sí i, ohùn náà ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ó ní obìnrin náà ń sọ pé, "Bisariya, dúró, mò ń bọ̀," àti pé lẹ́yìn ohùn rẹ̀, òun ń gbọ́ òòlù tó ń lu pákó, kì í ṣe òòlù kan, òòlù púpọ̀.

Nagwa fi ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ àlùbọ́sà sílẹ̀. "Bisariya? Ẹja wẹẹrẹ tí à ń dín lódidi yẹn?"

"Bó ṣe wí nìyẹn."

"Aúsù bílláhì! Àlùjánńù kan wá wà tó ń bá ẹja sọ̀rọ̀, etí ọmọ tèmi ló wá fi ṣe ilé!" Ó fi aṣọ nu ọwọ́. "Bọ́ ọ. Bọ́ ọ sílẹ̀ báyìí. Ọ̀la la ó dá a padà fún Wadie, ọlọ́run tirẹ̀ á bi í."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò sí ẹ jọ̀ọ́ níbẹ̀. Etí tó wúwo sàn ju orí tó dàrú lọ."

"Orí mi ò dàrú." Abir bo ẹ̀rọ náà mọ́ etí bí ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ ẹyẹ. "Láti ọdún mẹ́jọ, mi ò gbọ́ ẹ̀kọ́ kan dé òpin rí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo gbọ́ ọ. Bí ẹ bá dá a padà, mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn nìyẹn, a ò tilẹ̀ ní í dúró de èsì. Ẹ jẹ́ kí n mọ ẹni tó ni ín. Obìnrin yẹn ò dẹ́rù bà mí. Ó dà bíi pé ó ń yára sí nǹkan, tí kò lè débẹ̀."

Nagwa tún mú ọ̀bẹ, ó rẹ́ àlùbọ́sà kan tán pátápátá kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ọjọ́bọ̀," ni ó wí. "Bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá tá ò rí ẹni tó ni ín, ó di ọwọ́ Wadie."

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Wadie kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. "Ìyá Abir, ẹ̀rọ ni mo tà fún yín o. N kì í ta òkú."

"Ta ló wá tà á fún ọ?"

Baba náà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń tún aago ẹni tó ti kú ṣe, tí kò ní í rìn àfi bí mo bá gbé e kọjú sí ìhà ibi tí ilé rẹ̀ wà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kí wọ́n má baà ní Wadie ti ń ṣarán." Ó gbé awò náà wọ̀ padà. "Oníkẹ̀kẹ́ tó ń ra àlòkù kiri Anfushi ló gbé e wá. Kò mọ ilé tí wọ́n ti kó o fún un. Ilé ibẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn."

Abir ti dìde. "Anfushi! Níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, Màmá?"

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku bíi wákàtí kan kí àílà pé, ìyá àti ọmọ wọ ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ní Anfushi, láàárín òkun àti ọ̀wọ́ ilé àtijọ́. Ọkọ̀ tí wọn kò tíì kàn tán tò lọ rẹrẹ, egungun ìhà wọn wà níta. Òòlù ń dún lọ́tùn-ún, òòlù ń dún lósì. Abir dúró, ó di apá ìyá rẹ̀ mú.

"Ibí ni," ni ó wí. "Ìró yìí gan-an ni."

Wọ́n bi baba kan tó ń rẹ́ pákó bóyá ó mọ ìyá àgbà kan ládùúgbò tí etí rẹ̀ wúwo. Baba náà kò tilẹ̀ ronú. "Ìyá Ihsan nìyẹn. Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ìgbà òtútù tó kọjá ló kú. Ọ̀gá wa ló bí. Òun náà nìyẹn, Ọ̀gá Fathi, lábẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù."

Ọ̀gá Fathi tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó ń fi òòlù ki òwú bọ àárín pákó kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé. Ó kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abir yọ ẹ̀rọ náà, tó fi í lélẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó mi ló kó ẹrù yẹn fún oníkẹ̀kẹ́," ni ó wí, nígbà tí ọmọ náà ti fi í sétí padà. "Bó bá bàjẹ́, n kò mọ̀ sí i."

"Kò bàjẹ́, ọ̀gá. Ohùn ìyá yín ló wà nínú rẹ̀."

Fathi nà ró. Ó wo Nagwa, kò wo ọmọ. "Ẹ gbọ́, arábìnrin, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbí. Mo ti rí oríṣiríṣi alágbe, n kò tíì rí èyí tó ń fi òkú ìyá ẹni ṣagbe."

"Alágbe?" Ohùn Nagwa ga dé ọ̀nà òkun. "Èmi? Wọ́láhì, bí kì í bá ṣe pé òòlù wà lọ́wọ́ rẹ..."

"Ọ̀gá," ni Abir gbà á lẹ́nu ìyá rẹ̀, "ta ni Bisariya?"

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Fathi, ó gba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, kò sì dà bíi pé ó mọ̀ ọ́n lára. Ó wá ibi tí yóò jókòó, ó rí òkìtì pákó kan, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀.

"Tún un wí."

"Ó ń sọ pé, 'Bisariya, dúró.'"

"Oṣù méje péré ni oyún mi pé tí ìyá mi fi bí mi," ni Fathi wí. Ilẹ̀ ni ó ń wò. "Ó ní n kò ju ẹja wẹẹrẹ yẹn lọ. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, nínú ilé, nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi kò gbọ́ ọ rí." Nígbà tó tún la ẹnu, ó dà bí ẹni pé ó ti ń dúró de ẹni tí yóò bi í léèrè láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó ní bàbá òun bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ kan kí ó tó kú. Ọdún mẹ́fà ni ọkọ̀ náà fi wà nínú ọgbà, kò sí ẹni tó fẹ́ rà á, kò sí ẹni tó fẹ́ parí rẹ̀. Ni òun bá tú u, òun ta pákó rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ilé kọfí. Ìyá òun sì rí i láti ojú fèrèsé.

"Ó ní kí n má gun àtẹ̀gùn òun mọ́ láyé. Orí èmi náà le bíi tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, n kò gùn ún. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo gbé ẹja díndín dání, mo lọ ní kété tí wọ́n pe àílà tán. Mo ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fi irin há a láti inú. Mo kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní, 'Mama, èmi ni.' N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró díẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ó dáa, obìnrin yìí ṣì ń bínú. Mo fi ẹja kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni aládùúgbò wá pè mí pé ẹja ṣì wà níbẹ̀. A fọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ṣubú sí."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Dókítà ní òun kò lè sọ wákàtí tó kú. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ló kú, a jẹ́ pé ìjà la wà tó fi lọ. Bó bá wà láàyè, a jẹ́ pé ó gbọ́ mi, ó sì kọ̀ láti dá mi lóhùn. Oṣù márùn-ún rèé. N kò mọ èyí tí ǹ bá fẹ́ kó jẹ́ òtítọ́." Ó gbójú sókè wo Abir. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo gbọ́?"

Abir ti ń wá ẹni yìí láti ọjọ́ mélòó kan, kò sì rò ó rí pé nígbà tí òun bá rí i, ohun tí òun ní láti sọ fún un lè ṣe é léṣe. Irọ́ rọrùn. Ó lè ní ohùn náà kò yé òun dáadáa. Ó lè ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó, ṣùgbọ́n ètè Nagwa kò mì, kò sọ ohunkóhun tí ọmọ lè kà níbẹ̀.

"Ó wà láàyè," ni Abir wí. "Ó gbọ́ yín. Kò kọ̀ yín, ọ̀gá. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn. Ó ní, 'Bisariya, dúró, mò ń bọ̀.' Ohùn ẹni tó ń bínú kọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí àlejò má lọ ni."

"N kò gbọ́ ọ."

"Òòlù ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ òòlù lẹ́yìn ohùn rẹ̀."

Fathi wo inú ọgbà náà yíká, ó wo àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tí apá wọn ń lọ sókè sódò. "Òòlù wa," ni ó wí. "Òòlù tèmi." "Ká ní mo fọ́ ilẹ̀kùn lọ́sàn-án yẹn..."

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá," ni Abir wí. Omi ti lé sí i lójú. "Ìyẹn, mi ò mọ̀."

Nagwa sún mọ́ ọn. Ìbínú ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá. "Ọ̀gá Fathi, ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ má bá A dù ú. Èyí tó kàn yín ni pé ìyá yín dìde. Ara rẹ̀ kò le, ó sì dìde nítorí yín."

Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pèrun láti mọ́sáláṣí etíkun. Fathi tẹ́tí sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó sì bú ramúramù sí inú ọgbà: "Ẹ gbé òòlù sílẹ̀! Gbogbo yín! Ẹ gbé e sílẹ̀!"

Òòlù dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn dún lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n kígbe mọ́ ọn, òun náà dákẹ́. Abir kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti fi ẹ̀rọ sétí. Ó ń gbọ́ omi òkun tó ń fọwọ́ pa etí iyanrìn.

Ilé Ìyá Ihsan kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ọgbà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kejì, Nagwa ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wọn. Pákó tuntun kan wà lára ilẹ̀kùn náà, níbi tí wọ́n ti fọ́ ọ. Fathi ní láti ọjọ́ tí òun ti tún un ṣe, òun kò wọlé rí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ihò, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò padà, ó di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, ó kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Abir gbọ́ ti ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ ti inú ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì sì bọ́ sórí ara wọn géérégé.

"Mama," ni Fathi wí, "èmi ni."

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Mímí náà tẹ̀lé e, ohùn náà tẹ̀lé e: Bisariya, dúró, mò ń bọ̀. Ibí ni ó máa ń parí sí lójoojúmọ́. Abir gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ náà kò dúró lónìí. Ó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dúró gba èémí, ó tún ń bọ̀. Fathi ń wo ojú ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń ka ìwé. Ohun tó rí níbẹ̀ mú un fi ọwọ́ méjèèjì ti ara ògiri, ó sì dúró.

Irin ilẹ̀kùn dún, ó fà gbọọrọ.

"Ó ti ṣí i," ni Abir wí.

Fathi yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, kò sì tilẹ̀kùn tán lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ohùn arúgbó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ tí Abir kò gbọ́ rí. Ó gbọ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí etí, ó yọ ẹ̀rọ náà, ó dì í sínú àtẹ́lẹwọ́. Òkun lọ, ohùn lọ, gbogbo nǹkan dákẹ́ bí ó ti máa ń dákẹ́ láti ọdún mẹ́jọ.

Nagwa fọwọ́ kàn án. Ètè rẹ̀ mì: Kí ló ń sọ?

"Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, Màmá," ni Abir wí.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ̀ di ara ògiri mú nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ó rọra jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì ń dúró de Fathi.